Ẹ Fi Orin Wé Orin, Ẹ Má Fi Ayé Wé Ayé

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ire-Akari, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ bí ìdíje orin bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. N kò bínú sí yín. Ọ̀dọ́ tó ń fi gbogbo ọkàn gbọ́ orin, tó mọ ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti yẹ̀, inú mi máa ń dùn sí irú wọn. Ibi tí iyàn yín máa ń já sí ló ń kọ mí lóminú. Orí orin lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti kúrò níbẹ̀, ẹ ti ń ka ilé, ẹ ti ń ka mọ́tò, ẹ ti ń bi ara yín pé ta ni ayé ti gbàgbé nínú àwọn méjì tó jọ díje. Ọ̀kan á ní, "Òun ló borí, níbo ló wà báyìí?" Èkejì á ní, "Ẹni tó ṣe ìkejì ti fi í sẹ́yìn tipẹ́." Ẹ ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ ó bọ ara yín lọ́wọ́.

Ọmọ kékeré tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ládùúgbò wa yìí, tí ìyá rẹ̀ rán wá ra búrẹ́dì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀ tó ń gbọ́. Ohun tó ń kọ́ lẹ́nu yín ni pé bí òun bá lọ díje tí òun kò borí, ẹ ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bí òun bá sì borí, ẹ ṣì máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọdún márùn-ún bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ orin òun nínú dánfó láti Cele dé Oshodi. Nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò ní kí ẹ má fi olórin wé olórin. Àwa Yorùbá kì í gbọ́ orin ẹnì kan láì rántí orin ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni etí ṣe ń mọ̀ràn. Ìdíje orin gan-an kò ti orí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀. Inú orin wéré ni fújì ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ràmádáànì. Ẹgbẹ́ wéré kan á dojú kọ èkejì, àwọn àgbà á jókòó ṣe adájọ́, wọ́n á gbé ife fún ẹgbẹ́ tó bá pegedé. Wàsíù Àyìndé tí ẹ mọ̀ sí K1 ti ń borí nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Kí ló ṣe lẹ́yìn tó borí? Ó lọ wọ ẹgbẹ́ Síkírù Àyìndé Barrister, ó ń bá wọn gbé ẹrù irinṣẹ́ orin lọ sóde àríyá, ó ń bá wọn gbé e bọ̀. Láàárín ọdún 1975 sí 1978 ló fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tó ti gba ipò kìíní ló ń gbé ẹrù yẹn o. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀ lọ́dún 1976, tí ẹ rí i tó gbé ìlù sórí, kí lẹ ò bá sọ nípa rẹ̀? Títí iyàn yín yóò fi parí, ẹ ò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tán. Ọdún 1984 ni àwo orin rẹ̀ Talazo Fuji dé, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà kò ṣòro fún yín láti mọ̀.

Nígbà tí Barrister àti Kollington Àyìnlá ń figagbága, ojú mi ló ṣe. Láti Mushin títí wọ Isolo, ẹni tí kì í bá ṣe ti Barrister, ti Kollington ni. Iyàn tó ní láárí pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan á ní kí a gbọ́ bí Kollington ṣe mú bàtá wọ inú fújì, tí ìlù náà ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohùn rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí a gbọ́ bí Barrister ṣe ń to ọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń mú ìtàn kan jáde látinú ìtàn mìíràn láì jẹ́ kí ìlù ó já. A kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ orin nínú iyàn yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò mọ bàtá yàtọ̀ sí dùndún, tó jẹ́ pé ta ló lówó jù, ta ló ti jábọ́, ni tiwọn. Àwọn yẹn ló ba ọ̀rẹ́ jẹ́ láàárín ara wọn. Àwọn olórin méjèèjì parí ìjà wọn kí Barrister tó kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Mo mọ àwọn kan ládùúgbò wa tí wọn kò tíì parí tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ti ìgbà yín. Lọ́dún 2007, àwọn ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà, Gánà, Làìbéríà àti ibòmíràn díje nínú Idols West Africa. Timi Dakolo ló gbégbá orókè, Omawumi Megbele ló tẹ̀ lé e. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń wọn àwọn méjèèjì yìí síra wọn. Omawumi ló kọ́kọ́ gbé àwo orin jáde, Wonder Woman, lọ́dún 2009. Ti Timi tó borí, Beautiful Noise, ọdún 2011 ló tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn láàárín ọdún méjì yẹn rí ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti sọ pé ìbò ti ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe rí lẹ́yìn náà. Timi kọ "Iyawo Mi", orin náà sì wọ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó gbogbo. Ẹ lọ sí gbọ̀ngàn èyíkéyìí lójú ọ̀nà Ago Palace Way lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ ọ. Nígbà tó sì di ọdún 2016 tí The Voice Nigeria bẹ̀rẹ̀, òun náà wà lára àwọn mẹ́rin tó jókòó lórí àga, tó ń yan àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ lórin, pẹ̀lú 2Baba, Waje àti Patoranking. Omawumi ní tirẹ̀ ti gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ní Ekpoma, kò sì fi ohùn Warri rẹ̀ sílẹ̀ láti bá ẹnikẹ́ni dọ́gba. Èwo nínú wọn ni ẹ fẹ́ sọ fún ọmọ kékeré yẹn pé ó fìdí rẹmi?

Kí ni ìdíje ń wọ̀n gan-an? Ó yẹ kí ẹ bi ara yín. Orin ẹlòmíràn ni ọmọ náà ń kọ, orin tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú àwọn onílù tí ẹlòmíràn gbà síṣẹ́, nínú aṣọ tí ẹlòmíràn rán. Ìbò tí wọ́n ń kà, fóònù ni wọ́n fi ń dì í, ẹnì kan sì lè dìbò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, ohùn dídùn, ìlú ẹni, ẹ̀rín músẹ́, àti owó tó wà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ ni wọ́n jọ ń kà pọ̀. Ohun gidi ni. Kò rọrùn láti dúró níwájú iná àti kámẹ́rà kí ohùn má gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti dán an wò nínú rẹ̀ bóyá ọmọ náà lè kọ orin tirẹ̀, bóyá ó lè fara da máníjà tó ń parọ́, bóyá ó lè kó àwọn onílù jọ kí ó sì san owó wọn, bóyá ó lè jí lẹ́yìn tí àwo orin àkọ́kọ́ kùnà kí ó tún wọ sítúdíò. Àwọn ohun wọ̀nyí ló ń gbé olórin dé ogún ọdún. Ẹni tó lọ sí ọjà Aswani lọ́jọ́ Túsìdè mọ̀ pé ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn aṣọ, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí. Ẹni tó bá gbé kóńgò lọ sídìí aṣọ, wọ́n á wò ó lójú. Ìbò alẹ́ ọjọ́ kan lẹ gbé lọ sídìí ayé ènìyàn.

MTN Project Fame West Africa ni ẹ fi ń jiyàn jù, ẹ̀yin tí ẹ ti tó ọgbọ̀n ọdún. Ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀, ọdún 2016 ló dáwọ́ dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà sínú ilé kan, wọ́n ń kọ́ wọn ní ohùn, ijó àti bí a ṣe ń dúró lórí pèpéle, Joke Silva sì wà níbẹ̀ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Iyanya ló borí lọ́dún àkọ́kọ́, Praiz ṣe ipò kẹta. Bí ọdún 2009 ti kọjá, tí 2010 kọjá, a kò gbọ́ Iyanya ní òpópó. Orin ìfẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń kọ nígbà náà. Nígbà tó di ọdún 2012, gbogbo Èkó ń jó ijó etighi sí orin rẹ̀ "Kukere". Ẹ̀yin tí ẹ ti pè é ní ẹni àná lẹ kọ́kọ́ dìde jó. Praiz kò sáré tẹ̀ lé e lọ sídìí etighi. Ó dúró ti ohùn rẹ̀ àti orin ìfẹ́ rẹ̀. Èmi kò rí ẹni tó ṣìnà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ Chidinma ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọmọ tó dàgbà ní Ketu ni, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó borí nínú Project Fame, lọ́dún 2010. Orin rẹ̀ "Kedike" wọ ilé gbogbo. Bí ó ti ń lọ lókè bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2021 ó ní orin Ọlọ́run ni òun yóò máa kọ láti ìgbà náà lọ. Iyàn bẹ̀rẹ̀: ó ti pa ara rẹ̀ lára, ó ti sọ ibi tó yẹ kó dé nù. Níbo ló yẹ kó dé? Ta ló yan ibẹ̀ fún un? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó kún pápá ìṣeré. Òun fẹ́ kún ilé ìjọsìn. Mercy Chinwo, tó borí nínú Nigerian Idol lọ́dún 2012, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2018 ni orin rẹ̀ "Excess Love" tan ká, ọdún mẹ́fà gbáko lẹ́yìn tó gba ipò kìíní. Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, ẹni tó ń fi í wé àwọn olórin ijó ń wò ó bí ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kò sí ní ibi tí wọ́n ń wò.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níwájú wa rí. Bàbá Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wé ara wọn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí òde ìnáwó tí iyàn náà kò dé. Sunny Adé fẹ́ gbé jùjú lọ sí gbogbo ayé. Lọ́dún 1982 wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Island Records dòwò pọ̀, àwo orin Synchro System sì mú wọn dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ wọn fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Nínú Aura, àwo orin ọdún 1984, Stevie Wonder fọn hàmóníkà. Lẹ́yìn èyí, Island fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n padà wálé, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Olóyè Obey ní tiwọn yí padà sí iṣẹ́ ìwàásù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi gìtá náà yin Ọlọ́run. Ẹ gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ sọ fún mi ta ló ju ta lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí olúkúlùkù wọn ń wá. Ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn kò pẹ́ dé Abẹ́òkúta, nítorí kò lọ síbẹ̀.

Ibi tí ó ti ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ Niniola, nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lẹ ń bu iyì rẹ̀ kù láì mọ̀. Lọ́dún 2013 ló díje ní Project Fame. Olawale Ojo ló borí lọ́dún náà, Niniola kò sì sí nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Johnny Drille náà wà níbẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé, "Ẹ wo Niniola, ó ti lu gbogbo wọn." Kò lu ẹnikẹ́ni. Ọmọ ológun ni, tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, Ọ̀gágun Simeon Apata, lọ́dún 1995 nígbà tó wà ní kékeré, ó ka ìwé ní Yunifásítì Èkó, ó lọ díje, kò borí, ó padà sílé. Lẹ́yìn náà ló wọ sítúdíò pẹ̀lú Sarz tó ń ṣe ìlù orin, wọ́n sì gbé "Ibadi" jáde lọ́dún 2014. Ohun tó ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ máa jiyàn lé lórí: ó mú ìlù house tí àwọn ará South Africa fẹ́ràn, ó da ọ̀rọ̀ Yorùbá àdúgbò lé e lórí, ó fi ohùn ìdákẹ́jẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ì bá pariwo. Nígbà tí orin rẹ̀ "Maradona" dé lọ́dún 2017, ọ̀nà náà ti di tirẹ̀. Lọ́dún 2019, Beyoncé mú lára "Maradona" sínú orin rẹ̀ "Find Your Way Back". Ǹjẹ́ ẹ rí i pé kò sí ibì kankan nínú ìtàn yìí tí Olawale ti ṣe ọ̀tá rẹ̀? Kí ni ẹ ń wá Olawale sí nínú rẹ̀, tí ẹ ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀gàn? Ó kọrin, ó borí lọ́nà ẹ̀tọ́, ó gba ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un. Johnny Drille pẹ̀lú, gìtá ló gbé dání. Ó ń kọrin ní ohùn kékeré títí ilé-iṣẹ́ orin Mavin fi mú un lọ́dún 2017. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí a tó bí èmi àti ẹ̀yin.

Ayoola tó borí ní Project Fame lọ́dún 2012 ṣe ohun mìíràn pátápátá: ẹ bá a nínú eré àgbéléwò. Àwọn kan ka ìyẹn sí ìjákulẹ̀. Mo bi wọ́n pé bí ọmọ yín bá lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, tó rí i níbẹ̀ pé òun ní ẹ̀bùn mìíràn, ṣé ẹ ó sunkún?

Òkè òkun pàápàá kò yàtọ̀. Jennifer Hudson ṣe ipò keje ní American Idol lọ́dún 2004, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lẹ́yìn náà nínú iṣẹ́ fíìmù. Àwọn ọmọ One Direction ṣe ipò kẹta ní X Factor ti Britain lọ́dún 2010. Tiwa Savage wa náà lọ díje ní X Factor yẹn lọ́dún 2006, kò dé òpin. Ó lọ kọ́ṣẹ́ orin ní Berklee, ó kọ orin fún àwọn ẹlòmíràn, ó ń bá olórin ńlá gberin lẹ́yìn, kó tó padà wá sí Èkó tí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ tí ẹ ń fi àwọn wọ̀nyí ṣe ẹ̀rí pé kí ènìyàn má borí ló dára jù. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Kelly Clarkson borí lọ́dún 2002, ó ṣì ń kọrin. Ipò kìíní kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ipò keje kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní oore. Ohun tó tẹ̀ lé e ni.

Owó náà ń dí yín lójú, mo mọ̀. Nígbà tí Nigerian Idol padà dé lọ́dún 2021 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí kò wáyé, mílíọ̀nù 30 náírà ni wọ́n fún Kingdom Kroseide tó borí, pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun. Ariwo mílíọ̀nù 30 yẹn gba gbogbo àdúgbò. Ládùúgbò tiwa, tí ẹ̀rọ ìhunṣọ Aswani àti Afprint ti dákẹ́ tipẹ́, tí àwọn òbí kan ṣì ń rántí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀, n kò lè dá ọmọ lẹ́bi pé ó ń ro owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí àwọn tó ń ṣe é ṣe ń ṣírò rẹ̀. Wíwọ sítúdíò ní owó. Ẹni tó ṣe ìlù ní owó. Ẹni tó ya fídíò, ẹni tó gbé orin lọ sí rédíò, aṣọ, ọkọ̀ àwọn onílù, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ní owó, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fi dá ọ lójú pé ènìyàn yóò gbọ́ orin náà. Owó ńlá tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì ní orin tirẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń tán. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó borí lánàá tó dákẹ́ lónìí, ẹ má sọ pé ó fi owó ṣòfò. Ó lè jẹ́ pé inú sítúdíò ló wà, tó ń wá ohùn tirẹ̀ bí Iyanya ti wá a.

Bí ẹ bá fẹ́ jiyàn, èyí ni kí ẹ fi ṣe iyàn yín. Ẹ gbé orin méjì kalẹ̀. Ẹ gbọ́ ibi tí Timi ti gba èémí àti ibi tí Omawumi ti gbà á. Wọn kò gbà á níbì kan náà, ìdí sì wà fún un. Ẹ gbọ́ bí Niniola ṣe ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ìlù. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ẹni tó ń kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń kọ, tàbí ohùn nìkan ló gbà sórí. Ẹ bèèrè bóyá ó ti kọ orin tirẹ̀ rí. Bí ẹ bá ti parí èyí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ra orin rẹ̀, ẹ lọ sóde rẹ̀, ẹ gbé e ka etí ẹlòmíràn. Dátà tí ẹ fi ń bú ẹni tó bá a díje, orin mélòó lẹ lè fi gbọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti lọ fún àyẹ̀wò ohùn, ẹ̀yin ni mo fi ìyókù ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ fún. Mo mọ̀ yín. Mo ń gbọ́ yín lálẹ́ bí iná bá lọ. Ẹ lọ. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ara yín. Ṣé o fẹ́ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ayé rẹ? Ṣé orin ijó ni? Ṣé o fẹ́ máa kọ orin fún ẹlòmíràn, kí orúkọ rẹ wà lẹ́yìn àwo? Ṣé o fẹ́ kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohùn? Kò sí èyí tó kéré nínú wọn. Bí o bá mọ tìrẹ, ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ́ wé ẹlòmíràn, kò ní lè ṣì ọ́ lọ́nà. Ẹ ní orin tiyín lọ́wọ́ kí ẹ tó dé iwájú kámẹ́rà, kí ó má jẹ́ pé lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá borí ni ẹ ó máa wá ẹni tí yóò kọ ọ́ fún yín. Ẹ kọ́ irinṣẹ́ kan, ó kéré tán: dùùrù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, gìtá, sákárà, gángan. Olórin tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìlù, kò sí ẹni tó lè tì í pa.

Nígbà tí ìwé àdéhùn bá dé, ẹ fara balẹ̀. King Sunny Adé kò tíì pẹ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ nígbà tí àwọn àti African Songs, ilé-iṣẹ́ Olóyè Bolarinwa Abioro tó ń gbé orin wọn jáde, fa ìjàngbọ̀n lórí àdéhùn, tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Nǹkan bí ọdún 1974 nìyẹn. Orin wọn ń ta bí nǹkan míì, ìwé ló dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n jáde níbẹ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Sunny Alade Records. Ẹ kà á dáadáa: ọdún mélòó ni wọ́n fẹ́ fi ní yín? Ta ni yóò ni orin tí ẹ bá kọ? Èló ni yóò kàn yín nínú owó tó bá wọlé, ṣé kí wọ́n tó yọ ìnáwó ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Bí ẹ bá kúrò, ṣé orúkọ tí ayé mọ̀ yín sí yóò bá yín lọ? Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ kí ayọ̀ tó tutù, ẹ ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì. Lọ́yà kan wà ní Okota tó ti bá àwọn olórin ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ mú ìwé àdéhùn náà wá sílé mi, gbogbo ojú ìwé rẹ̀ pátá, n ó pe lọ́yà náà kí òun àti ẹ̀yin àti àwọn òbí yín jọ jókòó kà á kí bírò tó kan ìwé.